Ìkìlọ̀ Tó Wà Lẹ́yìn Èébú

Òórùn àgbàdo náà dà bí òórùn káfúrà tí a ń jù sínú àpótí aṣọ nítorí aáyán. Àwọ̀ rẹ̀ pupa fẹ́ẹ́rẹ́, bí ẹni pé ẹnì kan fi osùn pa á lára. Títí di òní, òórùn yẹn ṣì máa ń dé sí mi nímú níbi tí kò sí àgbàdo kankan, nínú ọkọ̀ tàbí nídìí ẹ̀rọ omi, àyà mi á sì já. Mo ti di ìyá ọlọ́mọ. Mo ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́ ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní agbègbè Ẹgbẹ́dá. Síbẹ̀, n kì í jẹ ègbo níbi tí n kò bá ti mọ ẹni tó sè é àti ibi tó ti rí àgbàdo rẹ̀. Àwọn ọmọ mi máa ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Wọ́n á ní, "Mọ́mì, ṣé kí a kọ́kọ́ tọ́ ọ wò fún yín ni?" Wọ́n á rẹ́rìn-ín. N kì í bá wọn rín in.

N kò ní dárúkọ ilé iṣẹ́ tó pín àgbàdo náà fún wa, n kò sì ní dárúkọ abúlé wa. Ẹ̀rù ṣì ń bà mí, n kò sì tijú láti sọ bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ikú ti fọwọ́ kàn rí, tó wá padà fi sílẹ̀, kì í tún sọ̀rọ̀ bí ẹni tí nǹkan kan kò ṣe rí. Ṣùgbọ́n bí ẹ̀rù ṣe ń bà mí yìí náà ni inú ń bí mi, ìbínú yẹn kò sì jẹ́ kí n dákẹ́. Èèyàn lè rò pé ọ̀rọ̀ májèlé ni mo fẹ́ sọ. Ọ̀rọ̀ ìwé ni. Ẹnì kan jókòó sí ọ́fíìsì, ó kọ ìwé sí wa bí ẹni tí ń bá ajá rẹ̀ wí, ìwé náà sì ni kò jẹ́ kí a mọ ohun tó yẹ ká mọ̀.

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ilé ẹ̀kọ́ girama nígbà náà ni. Àsìkò yẹn ni agbára náírà ń lọ sílẹ̀, tí ajílẹ̀ di ohun àwátì, tí àwọn àgbẹ̀ ń wo ojú ọ̀run pẹ̀lú àníyàn. Àbúrò bàbá mi obìnrin, tí gbogbo wa ń pè ní Àǹtí, ló mú mi sọ́dọ̀ ní Lálúpọn láti kàwé. Gàrí ló ń yan níbẹ̀. Lẹ́yìn tí mo ṣe ìdánwò tán, mo padà sí abúlé, mo ń retí èsì, mo sì ń rìn kiri bí ẹni tó ti gba èsì tán. Bí mo bá ń lọ sí odò, màá fi ìwé há abíyá. Bí àwọn àgbà bá ń sọ̀rọ̀, màá máa mi orí bí ẹni tó fẹ́ tún un sọ fún wọn lọ́nà tó dára jù. Nígbà tí mo bá rántí ọmọbìnrin yẹn, ojú rẹ̀ máa ń tì mí díẹ̀, ó sì máa ń pa mí lẹ́rìn-ín.

Ní ọdún náà, bí òjò àkọ́rọ̀ ṣe ń múra àtirọ̀, ọkọ̀ kan wọ abúlé wa. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan sọ̀ kalẹ̀. Ó kí gbogbo ènìyàn dáadáa, ó ní àwọn ń pín irúgbìn àgbàdo tuntun, èyí tó tètè ń gbó, tí kòkòrò kì í jẹ. Ó wọ̀n ọ́n fún olúkúlùkù sínú àpò tàbí ọpọ́n tí wọ́n gbé jáde. Lẹ́yìn náà ló fún bàbá mi ní ìwé pélébé kan, nítorí bàbá mi ni aṣíwájú ẹgbẹ́ àgbẹ̀ abúlé. Ó ní, "Bàbá, gbogbo ohun tó yẹ kí ẹ mọ̀ wà nínú ìwé yìí. Ẹ jẹ́ kí ẹni tó mọ̀wé kà á fún yín." Oòrùn ti ń wọ̀, ó ṣì fẹ́ dé abúlé mìíràn. Ó wọ ọkọ̀, ó lọ.

Ta ni ẹni tó mọ̀wé? Èmi náà ni. Bí wọ́n ṣe kírun ìrọ̀lẹ́ tán, bàbá mi ní kí àwọn àgbà dúró díẹ̀ ní iwájú mọ́ṣáláṣí, ó sì ní kí n wá ka ìwé náà. Mo fi omi bọ́jú kí n tó lọ. Mo dúró gbọnrangandan, mo gbé ìwé náà sókè, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í kà á bí àwọn tí ń ka ìròyìn lórí rédíò.

Yorùbá gidi ni wọ́n fi kọ ọ́, kò sí àṣìṣe kankan níbẹ̀. N kò sì ní parọ́, mo kọ́kọ́ fẹ́ràn rẹ̀. Ọ̀rọ̀ ńláńlá pọ̀ nínú rẹ̀, ìyẹn ni mo sì mọ̀ sí ọgbọ́n nígbà náà. Báyìí ló ṣe bẹ̀rẹ̀: "Ìwọ àgbẹ̀, ta jí! Títí di ìgbà wo ni ìwọ yóò máa rìn nínú òkùnkùn àìmọ̀kan? Ọ̀nà àtijọ́ tí o rọ̀ mọ́ ni ó sọ ọ́ di òtòṣì. Fi ìwà ọ̀lẹ sílẹ̀!"

Ẹnu mi bẹ̀rẹ̀ sí í wúwo. Àwọn tó jókòó níwájú mi ni ẹ̀gbọ́n bàbá mi, tó jẹ́ olórí agboolé wa, àti Lèmọ́mù, àti àwọn bàbá mìíràn tí wọ́n ti wà lóko láti ìdájí. Erùpẹ̀ oko ṣì wà lẹ́sẹ̀ àwọn kan nínú wọn.

Bàbá kan tó ń ka tẹ́sùbá dá ọwọ́ dúró. Ó ní, "Ta ló ń bá wí?"

Mo ní, "Àwa ni, Bàbá."

"Àwa ta? Ṣé èmi náà wà níbẹ̀?"

"Àgbẹ̀ ni wọ́n kọ, Bàbá."

"Ó dáa. Máa kà á lọ."

Mo tún kà. Ìwé náà sọ pé kí àgbẹ̀ kọ́ láti máa wẹ̀, nítorí pé ìdọ̀tí ni ìyá àrùn. Bàbá yẹn bú sẹ́rìn-ín, ó na apá rẹ̀ méjèèjì síta. Ó ní, "Ẹ gbóòórùn mi wò o, ẹ̀yin èèyàn! Èmi tí mò ń ṣe àlùwàlá ìgbà márùn-ún lójúmọ́! Ìgbà mélòó ni ẹni tó kọ ọ́ ń fọ ẹsẹ̀ tiẹ̀?" Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Èmi náà rín in, mo rò pé ó ti parí síbẹ̀.

Kò parí síbẹ̀. Ìlà tó tẹ̀ lé e ní kí àgbẹ̀ jáwọ́ nínú bíbí ọmọ jọ bí ẹran ọ̀sìn. Mo kà á kí n tó mọ ohun tí mò ń kà. Ẹ̀rín náà gé. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi wò mí, ó wo ìwé náà, ó ní, "Ọmọ ta ni ẹni tó kọ ọ́?"

"Wọn kò kọ orúkọ sí i, Bàbá."

"Òun náà mọ̀ pé kò dáa, ló ṣe fi orúkọ pamọ́."

Lèmọ́mù dìde, ó gbé kẹ́tùlù àlùwàlá rẹ̀. Ó ní, "Ẹ dìde, ẹ jẹ́ ká máa lọ. Èyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ tí èèyàn ń jókòó gbọ́ ní ẹnu ọ̀nà ilé Ọlọ́run." Wọ́n dìde lọ́kọ̀ọ̀kan. Bàbá mi gba ìwé náà lọ́wọ́ mi, ó ká a sínú àpò dàńṣíkí rẹ̀. Ó ní, "Irúgbìn la gbà lọ́wọ́ wọn, a kò ní kí wọ́n bú wa." N kò rí ìwé náà mọ́. Àwọn kan ti bi mí láti ìgbà náà pé kí ló dé tí n kò fi gbà á padà kí n kà á tán. Ìbéèrè yẹn máa ń bí mi nínú ju ohunkóhun lọ. Ẹni tí wọ́n bú bàbá rẹ̀ lójú rẹ̀, ṣé yóò tún bẹ̀ wọ́n kí wọ́n bú u tán?

Òjò rọ̀ dáadáa. Bàbá mi bẹ ọ̀wẹ̀, àwọn ará agboolé sì bá wa gbin oko. Àǹtí wá láti Lálúpọn. Kì í pa irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ jẹ, bí ó ti wù kí gàrí pọ̀ nílẹ̀ tó. Ó ń gbẹ́ kòtò níwájú, èmi ń ju irúgbìn sí i lẹ́yìn rẹ̀, mo sì ń jù ú púpọ̀ jù. Ó bojú wẹ̀yìn, ó ní, "Akọ̀wé! Ṣé oúnjẹ adìyẹ lò ń dà sílẹ̀ ni, àbí ò ń gbin nǹkan?"

Mo ní, "Ẹ má bínú, Àǹtí. Ó ń yọ̀ lọ́wọ́ mi ni."

"Ó ń yọ̀ lọ́wọ́ ẹ. Bíírò kì í yọ̀ lọ́wọ́ ẹ. Wọn ò kọ́ yín ní èyí ní girama?"

Àwọn obìnrin tó wà ní poro kejì gbọ́, wọ́n fi mí ṣẹ̀sín títí a fi gbìn ín dé òpin.

Ní abúlé wa, a kì í gbé irúgbìn tó bá ṣẹ́kù padà sílé lọ́jọ́ tí a bá gbin àgbàdo. N kò mọ ẹni tó dá a sílẹ̀. Wọ́n ní bí irúgbìn bá padà sílé, ó túmọ̀ sí pé a kò gbà pé èyí tó wọ ilẹ̀ yóò hù. Nítorí náà, inú oko níbẹ̀ la ti máa ń fi èyí tó ṣẹ́kù se ègbo, gbogbo ẹni tó bá fọwọ́ kan iṣẹ́ náà yóò sì jẹ níbẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ ẹ̀kúnwọ́ kan. Bí a ti ń ṣe é láti ayébáyé nìyẹn. Ẹni tó bá ti gbé abúlé kan rí ní agbègbè wa, tó bá bèèrè ní ọjọ́ kan ṣoṣo ohun tí àwọn àgbẹ̀ ń fi irúgbìn tó ṣẹ́kù ṣe, ì bá ti mọ̀. Ẹni tó kọ ìwé yẹn kò bèèrè. Ó ti mọ̀ wá tán láti inú ọ́fíìsì rẹ̀: ọ̀lẹ ni wá, onídọ̀tí ni wá, a sì ń bímọ bí ẹran.

Ìyá mi ló se ègbo náà. Ó rí àwọ̀ pupa yẹn, ó sì fọ̀ ọ́. Ó bu omi sí i, ó fi ọwọ́ gbo ó, ó dà á nù, ó tún bu omìíràn, títí omi náà fi mọ́ gaara. Àǹtí bu díẹ̀ níbẹ̀, ó gbé e sí imú, ó ní, "Káfúrà ti jáde, ó ku àgbàdo." Ẹni tó bá mọ ìyá mi mọ̀ pé kì í fi oúnjẹ ṣeré. A fi ata àti epo jẹ ẹ́. Mo jẹ díẹ̀, nítorí inú ń bí mi sí ọ̀rọ̀ adìyẹ tí wọ́n ń fi mí rẹ́rìn-ín. Bí mo ṣe wà láàyè nìyẹn. Àǹtí jẹ tirẹ̀, ó sì gba èyí tí mo fi sílẹ̀, ó ní akọ̀wé kì í jẹ oúnjẹ oko mọ́.

Òun ló kọ́kọ́ sọ pé òòyì ń kọ́ òun. A rò pé oòrùn ni. Kí a tó gbé e dé abẹ́ igi, itọ́ ti ń dà lẹ́nu èmi náà, ọwọ́ mi sì ń gbọ̀n bí ẹni pé ẹlòmíràn ló ń mì ín. Àwọn ènìyàn ń bì káàkiri oko. Mo gbọ́ tí ìyá mi ń ké pé, "Kí ni mo ṣe? Kí ni mo ṣe fún yín?" Ọkọ̀ kan tó ń kó ẹ̀gẹ́ lọ sí ibi tí wọ́n ti ń lọ gàrí ló gbé wa. Awakọ̀ náà da gbogbo ẹ̀gẹ́ rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà láìbèèrè nǹkan kan lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Kí Ọlọ́run ṣàánú rẹ̀ níbikíbi tó bá wà. Orí itan mi ni wọ́n gbé orí Àǹtí lé nínú ọkọ̀ náà. Ó kú kí a tó wọ ìgboro Ìbàdàn. N kò mọ ìgbà tó kú. Ohun tó máa ń jí mi lójú oorun nìyẹn: pé ó kú lórí itan mi, n kò sì mọ̀.

Àwọn tó kù yè. Dókítà ní oògùn apakòkòrò tí wọ́n fi pa irúgbìn náà lára ni, ó ti wọ inú rẹ̀, omi kò lè fọ̀ ọ́ kúrò. Nígbà tí mo fi padà sí abúlé, tí mo ń fi ọwọ́ di ògiri mú rìn, wọ́n ti sin Àǹtí, ọ̀rọ̀ mìíràn sì ti bẹ̀rẹ̀. Àwọn ìdílé ọkọ Àǹtí ti wá láti Lálúpọn. Wọ́n ní ìyá mi ló pa á. Ẹnì kan rántí pé ìyá mi àti Àǹtí jà nígbà kan rí nítorí ewúrẹ́. Láàárín ìgbà díẹ̀, ìjà ewúrẹ́ yẹn ti di ìṣọ̀tá àtayébáyé. Obìnrin kan tó jẹ ègbo náà tó sì yè ń sọ ọ́ kiri pé ìyá mi lọ́ra láti gbé àwo òun fún òun, bí ẹni tó mọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Ní agboolé wa, kò sí ẹni tó ń gba omi lọ́wọ́ ìyá mi mọ́. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, mo bá a nínú yàrá tó ń di ẹrù rẹ̀.

Mo ní, "Ìyá, níbo lẹ̀ ń lọ?"

Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n bàbá yín ní kí n lọ sílé bàbá mi títí ọ̀rọ̀ yóò fi rọlẹ̀."

"Ìgbà wo ló máa rọlẹ̀?"

Àwa méjèèjì mọ̀ pé obìnrin tó bá fi orúkọ apànìyàn kúrò ní ilé ọkọ kì í padà síbẹ̀ mọ́. Ó kàn ń tẹ aṣọ mọ́lẹ̀ nínú àpótí. Òórùn káfúrà jáde láti inú rẹ̀, mo sáré bọ́ síta lọ bì.

Kí ó tó lọ ni ilé iṣẹ́ náà ránṣẹ́ pé àwọn ń bọ̀ wá kí wa. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó pín irúgbìn wà níbẹ̀, kò lè wo ojú ẹnikẹ́ni. Ọ̀gá rẹ̀ ló ń sọ̀rọ̀, ọkùnrin tó sanra, tó wọ kóòtù nínú ooru. Gbogbo abúlé péjọ sí iwájú mọ́ṣáláṣí, àwọn ìdílé ọkọ Àǹtí náà wà níbẹ̀. Ìyá mi jókòó sẹ́yìn, ó fi ìborùn bo ojú. Ọ̀gá náà kẹ́dùn. Ó sọ ọ́ dáadáa, mo gbà. Ṣùgbọ́n bó ti kẹ́dùn tán ni ó fa ẹ̀dà ìwé pélébé yẹn kan yọ nínú àpò, ó sì gbé e sókè.

Ó ní, "Ọwọ́ ara mi ni mo fi kọ ìwé yìí. Ó wà níbí, ní ìlà tó kẹ́yìn: 'Má ṣe jẹ irúgbìn yìí, májèlé wà lára rẹ̀.' A kọ ọ́ ní Yorùbá tó yéni. Ẹ̀yin ará oko, ẹ kò kà á. Kí la tún lè ṣe fún yín?"

Àwọn ìdílé ọkọ Àǹtí yí ojú sí ìyá mi. Ọ̀kan nínú wọn ní, "Ẹ gbọ́! Ó wà nínú ìwé!"

N kò mọ bí mo ṣe dìde. Ara mi kò tíì le, ẹ̀rù sì ń bà mí. Mo kúnlẹ̀ fún àwọn àgbà, mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ọ̀gá, ẹ fún mi ní ìwé yẹn kí n kà á fún gbogbo wa. Èmi ni mo kà á nígbà àkọ́kọ́."

Ó fún mi. Ó tilẹ̀ rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó ní, "Ó dára bẹ́ẹ̀. Ka ìlà ìparí fún wọn."

Mo ní, "Màá bẹ̀rẹ̀ láti òkè, ọ̀gá, bí ẹ ṣe kọ ọ́." Mo kọjú sí i, òun nìkan. N kò lo ohùn rédíò lọ́jọ́ yẹn. Mo kà á jẹ́jẹ́, bí ẹni tí ń bá ènìyàn sọ̀rọ̀. "Ìwọ, ta jí. Títí di ìgbà wo ni ìwọ yóò máa rìn nínú òkùnkùn àìmọ̀kan?" Ojú rẹ̀ yí padà. Mo tẹ̀síwájú. Mo sọ fún un pé kí ó fi ìwà ọ̀lẹ sílẹ̀. Mo sọ fún un pé kí ó kọ́ láti máa wẹ̀. Ẹnì kan rẹ́rìn-ín lẹ́yìn, ó sì pa á mọ́ra. Nígbà tí mo dé ibi ọmọ bíbí, mo kà á sí i lójú, láìfi ọ̀rọ̀ kan pamọ́.

Ó na ọwọ́. Ó ní, "Ó tó! Kí ni ìyẹn? Ọmọ kékeré bíi tìẹ! Mú ìwé náà wá."

Mo ní, "Ẹ má bínú, ọ̀gá. A kò tíì dé ibi májèlé."

Ọwọ́ rẹ̀ ṣì wà ní nínà. Bàbá tó máa ń ka tẹ́sùbá yẹn ló kọ́kọ́ fọhùn. Ó ní, "Ibi tí òun náà ti dá a dúró, ibẹ̀ gan-an la ti dá a dúró. Kódà, a fi díẹ̀ ní sùúrù jù ú lọ."

Ẹ̀gbọ́n bàbá mi dìde. Ó rọra rìn lọ sẹ́yìn, ó dé ọ̀dọ̀ ìyá mi, ó ní, "Ìyàwó wa, lọ tú ẹrù rẹ." Ó sì yíjú sí àwọn ìdílé ọkọ Àǹtí. Ó ní, "Àbúrò mi ló kú. Èmi ló yẹ kí n béèrè ikú rẹ̀ lọ́wọ́ ẹ̀dá, ẹ̀yin kọ́. Bí ẹ bá ń wá ẹni tó pa á, ẹ wo ẹni tó wọ kóòtù níwájú yín yẹn." Bí ìyá mi ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún nìyẹn. Kò tíì sunkún láti ìgbà tí ọ̀rọ̀ náà ti ṣẹlẹ̀.

Mo fẹ́ sọ pé ọ̀gá yẹn kẹ́kọ̀ọ́. N kò rò bẹ́ẹ̀. Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, wọ́n tẹ ìwé mìíràn jáde, mo rí i lọ́wọ́ ẹnì kan ní Lálúpọn. Wọ́n ti gbé ìkìlọ̀ májèlé sókè, wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà. Ṣùgbọ́n lábẹ́ rẹ̀, "Ìwọ àgbẹ̀, ta jí" ṣì wà níbẹ̀. Wọn kò tún un kọ. Wọ́n kàn sún un sísàlẹ̀ ni. Mo dúró ní ibùdókọ̀ pẹ̀lú ìwé yẹn lọ́wọ́, inú bí mi débi pé mo gbàgbé ibi tí mò ń lọ.

Ìyá mi kò kúrò ní ilé ọkọ rẹ̀ mọ́. Inú yàrá yẹn ló gbó sí, ibẹ̀ ló sì kú sí. Kò tún se ègbo. Àwọn ará agboolé wa náà kò jẹ ẹ́ nínú oko mọ́. Bí irúgbìn bá ṣẹ́kù, wọ́n ń gbé e padà sílé báyìí, wọ́n sì ń gbé e láìsọ̀rọ̀.

Mo ti ń kọ́ ọmọ ní ìwé kíkọ láti ìgbà náà. Ohun tí mò ń sọ fún wọn kò pọ̀. Bí èèyàn bá wọ ilé onílé, yóò kí wọn kó tó sọ ohun tó bá wá. Ẹni tó kọ̀wé sí ènìyàn ti wọ ilé rẹ̀ nìyẹn, ó ti jókòó tì í níbi tó ti ń jẹun, níbi tí ìyàwó àti ọmọ rẹ̀ ti ń gbọ́. Kí ló wá fún un láṣẹ láti máa bú u? Wọ́n á ní nítorí pé ẹni náà kò mọ̀wé ni. Mo ti rí àwọn tó ń kọ̀wé báyìí fún rédíò, fún ìjọba, fún mọ́ṣáláṣí àti ṣọ́ọ̀ṣì. Wọ́n mọ gbogbo ohun tó burú nípa ẹni tí wọ́n ń kọ ọ́ sí, wọn kò mọ ohun tó ń sè lórí iná rẹ̀. Bóyá mo le jù. Ẹni tó mọ̀ jù mí lọ lè bá mi tún un ṣe. Ṣùgbọ́n n kò ní gbà kí ẹnikẹ́ni sọ fún mi pé ọ̀rọ̀ kékeré ni.

Láìpẹ́ yìí, mo lọ gba oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru ní ilé ìwòsàn kékeré tó wà nítòsí wa. Wọ́n lẹ bébà kan mọ́ ògiri lẹ́nu ọ̀nà. Mo wo iwájú, mo wo ẹ̀yìn, kí n tó súnmọ́ ọn, nítorí n kì í fẹ́ kí wọ́n rí mi pé mò ń yẹ nǹkan wò. Ohun tí wọ́n kọ sókè ni pé: "Ẹ̀yin ìyá aláìbìkítà, tí ẹ ń fi ọwọ́ ara yín pa ọmọ yín." Ó gùn. Ìsàlẹ̀ pátápátá ni wọ́n kọ ọjọ́ abẹ́rẹ́ àjẹsára sí.

Ọ̀dọ́bìnrin kan tó pọn ọmọ dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Ìlẹ̀kẹ̀ wà lọ́rùn ọmọ náà, ó ti sùn. Ó ní, "Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́, kí ni wọ́n kọ síbẹ̀?"

Mo ní, "Wọ́n ń kí ẹ kú ìtọ́jú ọmọ. Wọ́n ní kí o gbé e wá fún abẹ́rẹ́ ní Ọjọ́bọ̀, ní àárọ̀. Má jẹ́ kó kọjá ọjọ́ yẹn o."

Ó ní, "Ọjọ́bọ̀. Mo ti gbọ́, mà." Ó tún gbójú sókè wo ìwé náà. "Gbogbo èyí tó pọ̀ lókè yẹn ńkọ́?"

Mo ní, "Kò sí nǹkan kan níbẹ̀, ọmọ mi."